Láti Łódź dé Bergen-Belsen: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò Ìdílé Ọkọ Mi

Ọjọ́ Àìkú, Łódź

Ìrọ̀lẹ́ ni a dé Łódź, ìlú ńlá kan ní àárín gbùngbùn Póláńdì, níbi tí wọ́n ti sọ àwọn ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ oníbíríkì pupa di ṣọ́ọ̀bù àti hòtẹ́ẹ̀lì. Àwa mẹ́ta ni a jọ wá láti Lọ́ńdọ̀nù: èmi, ọkọ mi, àti ìyá ọkọ mi, tí mo ń pè ní Màmá. Ìlú yìí ni wọ́n ti bí ìyá Màmá ní ọdún 1926, sínú ìdílé Júù kan tí baba ibẹ̀ ń fi iṣẹ́ ìhunṣọ bọ́ wọn. Nígbà tí ogun Hitler bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, ẹni márùn-ún ni ó wà nínú ilé náà: baba, ìyá, ọmọbìnrin méjì, àti àbúrò wọn ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Nígbà tí ogun parí, àwọn ọmọbìnrin méjèèjì nìkan ni ó ṣẹ́ kù.

Èyí àbúrò nínú wọn ni Ìyá Àgbà, tí wọ́n parí ayé wọn sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n wọn lọ sí Ísírẹ́lì, wọ́n sì di ará Haifa. Oníkálukú wọn sọ ohun tí ojú wọn rí fún ọmọ tirẹ̀, ìtàn méjì sì jáde láti inú ilé kan ṣoṣo, tí kì í fi gbogbo ìgbà bá ara wọn mu. Màmá ti kọ méjèèjì sínú ìwé kan, ti Lọ́ńdọ̀nù ní apá òsì, ti Haifa ní apá ọ̀tún. Ohun tí a wá ṣe ni láti tẹ̀ lé ọ̀nà náà bí wọ́n ṣe mú wọn gbà á, láti ilé tí wọ́n bí wọn sí títí dé Bergen-Belsen, àgọ́ kan ní Jámánì tí ìjọba Hitler ń kó ènìyàn sí. Bergen-Belsen náà ni wọ́n kọ sínú ìwé ìrìnnà Màmá gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n bí àwọn gan-an sí, àlàyé èyí yóò sì wáyé bí a bá débẹ̀.

Ìyá Àgbà kì í ṣe ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Wọ́n sọ nípa ebi, òtútù, iná-ara, àti àwọn tí ó kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò ya ẹnu sọ rí ni bí àbúrò wọn ọkùnrin ṣe lọ. Apá òsì ìwé Màmá ṣófo níbẹ̀. Apá ọ̀tún kò ní ju gbólóhùn kan lọ, pé wọ́n mú un ní oṣù kẹsàn-án.

Ọjọ́ Ajé, Łódź

Ní òwúrọ̀, a lọ sí ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ ìjọba, níbi tí ìwé àwọn alákòóso gẹ́tò Łódź, ìyẹn àdúgbò tí wọ́n sé àwọn Júù mọ́, ṣì wà. Kí n tó sọ ohun tí a rí, ó yẹ kí n sọ bí gẹ́tò náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn ṣójà Jámánì wọ Łódź ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1939. Iye àwọn Júù ìlú náà nígbà náà lé ní 230,000, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ará ìlú. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n yí orúkọ ìlú padà sí Litzmannstadt, wọ́n lé àwọn Júù lọ sí Bałuty, àdúgbò àwọn tálákà, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1940, wọ́n sé nǹkan bí 160,000 ènìyàn mọ́ orí ilẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju kìlómítà méjì ní ìbú àti méjì ní òòró lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ilé ibẹ̀ ni kò ní omi ẹ̀rọ.

Mo máa ń rò pé gbogbo gẹ́tò rí bákan náà, ṣùgbọ́n ti Łódź ní ìwà ìkà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní Warsaw, àwọn ọmọdé ń yọ́ gba inú ihò ìdọ̀tí abẹ́ ilẹ̀ àti abẹ́ ògiri jáde lọ wá oúnjẹ. Ní Bałuty, kò sí irú ihò abẹ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè gbà. Àwọn Jámánì ni wọ́n ń kó wá tẹ̀dó sí ìlú tí ó yí wọn ká. Owó tí wọ́n sì ń ná nínú gẹ́tò, tí wọ́n tẹ̀ fún wọn lọ́tọ̀, kò lè ra búrẹ́dì kan ṣoṣo lẹ́yìn wáyà. Ohun tí wọ́n bá wọ̀n fún ènìyàn ni yóò jẹ. Ó tó ìgbà kan tí ó jẹ́ pé dókítà ní láti kọ ìwé kí aláìsàn tó lè gba èèpo ànàmọ́ láti ilé ìdáná gbogbogbòò. Mo bá Ìyá Àgbà láyé fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó wa. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bẹ iṣu nínú ilé wọn, wọ́n mú èèpo rẹ̀ nínú abọ́, wọ́n gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n wò ó bóyá mo bẹ ẹ́ nípọn jù, wọ́n sì dá a padà láìsọ nǹkan kan.

Ojú ewé tí òṣìṣẹ́ ilé ìpamọ́ náà ṣí fún wa jẹ́ àkọsílẹ̀ àwọn tí ń gbé nínú ilé kan, èdè Jámánì ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Orúkọ ẹni márààrún wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí, iṣẹ́ àti àdírẹ́sì. Ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ baba, wọ́n kọ ọ́ pé ó kú ní oṣù kẹta ọdún 1942. Ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọkùnrin náà, tí wọ́n bí ní ọdún 1935, wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n mú un kúrò nínú gẹ́tò: ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1942. Ọkọ mi fi ìka tọ orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ rẹ̀ kejì ni. Nígbà tí wọ́n bí i, Ìyá Àgbà ni wọ́n ní kí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì sọ ẹni tí ó jẹ́ ẹ rí. Àwọn Júù ìlà-oòrùn Yúróòpù kì í fi orúkọ alààyè sọ ọmọ. Orúkọ olóògbé nínú ẹbí ni wọ́n ń gbé padà, kò sì yẹ kí èyí ṣòro fún àwa tí a ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé láti lóye. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ Ìyá Àgbà.

Lọ́sàn-án, a rìn káàkiri Bałuty. Ojú ọ̀nà ńlá méjì tí tíráàmù ń gbà la gẹ́tò já, wọ́n sì yọ ojú ọ̀nà náà sọ́tọ̀ fún àwọn tí kì í ṣe Júù, afárá onígi ni àwọn Júù fi ń gòkè kọjá lórí rẹ̀. Ìyá Àgbà máa ń sọ pé láti orí afárá, àwọn ń wo àwọn obìnrin tí ó gbé àpò ọjà lórí ẹsẹ̀ nínú tíráàmù, tí wọn kì í gbójú sókè. Afárá kò sí mọ́, ṣùgbọ́n tíráàmù ṣì ń kọjá lójú ọ̀nà Zgierska, ṣọ́ọ̀ṣì Màríà Mímọ́ oníbíríkì pupa tí ó wà nínú gbogbo fọ́tò afárá náà sì dúró síbẹ̀ digbí.

Ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni ó yanjú àríyànjiyàn kan nínú ìwé Màmá. Ìyá Àgbà máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé àwọn rí yìnyín tí ń jáde láti inú ṣọ́ọ̀ṣì ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ilé sì gbà á bí àlọ́. Ẹ̀gbọ́n wọn ní Haifa sọ pé kò sí irú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan ni. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Àwọn Jámánì sọ ṣọ́ọ̀ṣì náà di ibi tí wọ́n ń kó ìrọ̀rí àti ibùsùn oníyẹ̀ẹ́ àwọn Júù tí wọ́n ti pa sí, wọ́n ń tú wọn, wọ́n ń ṣa ìyẹ́ inú wọn kó ránṣẹ́ sí Jámánì. Ìyẹ́ funfun ni ó ń fò jáde láti ojú fèrèsé. Nígbà tí afinimọ̀nà sọ bẹ́ẹ̀, Màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ṣí ìwé wọn, wọ́n fa ìlà kan so òsì pọ̀ mọ́ ọ̀tún.

Ibi tí a dé kẹ́yìn ni àgbàlá àwọn panápaná tẹ́lẹ̀ rí. Chaim Rumkowski ni àwọn Jámánì fi ṣe olórí àwọn Júù gẹ́tò náà, àgbàlagbà onírun funfun tí ó ti ṣe alákòóso ilé ọmọ aláìlóbìí kí ogun tó dé. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé bí gẹ́tò bá ń ṣiṣẹ́ tí ó wúlò fún Jámánì, àwọn Jámánì yóò dá ẹ̀mí sí. Wọ́n ń rán aṣọ ṣójà, wọ́n ń kan àga, Ìyá Àgbà fúnra wọn sì ń fi koríko gbígbẹ hun bàtà ńlá tí àwọn ṣójà ń wọ̀ sórí bàtà wọn nínú òtútù Rọ́ṣíà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 1942, Rumkowski dúró nínú àgbàlá yìí, ó sì bẹ àwọn ìyá àti bàbá pé kí wọ́n yọ̀ǹda àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, pẹ̀lú àwọn arúgbó tí ó lé ní ọdún 65 àti àwọn aláìsàn, kí àwọn tó kù lè yè. Lọ́jọ́ kejì, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń wọ ilé kan lẹ́yìn èkejì títí di ọjọ́ 12 oṣù náà, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn tí ó lé ní 15,000 lọ.

Lálẹ́, Màmá pe ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ní Haifa lórí fóònù, wọ́n sì ka ọjọ́ tí a rí nínú ìwé fún un. Obìnrin náà dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ nígbà kan ṣoṣo, lórí ibùsùn àìsàn, tí òun kò sì mọ̀ bóyá ibà ni ó ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí gbogbo ará ilé tò sí àgbàlá. Ìyá wọn ti fi omi bíìtì pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọbìnrin méjèèjì kí wọ́n lè dà bí ẹni tí ara rẹ̀ le, ó sì ní kí ọmọkùnrin náà dúró sórí bíríkì kan lẹ́yìn ẹ̀wù òun, kí ó lè ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìyá Àgbà ni wọ́n rán lọ wá bíríkì náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Łódź

Itẹ́ òkú àwọn Júù tí ó wà ní òpópónà Bracka jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù ní Yúróòpù. Níwájú ni ibojì àwọn olówó ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ wà, ti Izrael Poznański sì tóbi bí ilé. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni pápá tí wọ́n sin àwọn tí ó kú nínú gẹ́tò sí, ó lé ní 40,000 ènìyàn, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú ibojì wọn kò ní òkúta. Baba Ìyá Àgbà wà níbẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ebi ni ó pa á. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì mọ̀ pé lórí ara tí kò jẹun, a kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nọ́ńbà ìlà àti nọ́ńbà ibojì wà nínú àkọsílẹ̀, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lo gbogbo òwúrọ̀ láàrin koríko kí a tó rí i. Màmá gbé òkúta kékeré lé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, ọkọ mi sì ka àdúrà òkú.

Nítòsí ògiri, wọ́n fi àwọn kòtò ńlá mélòó kan hàn wá tí wọ́n gbẹ́ ṣùgbọ́n tí òkú kankan kò wọ̀. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo ènìyàn lọ tán ní 1944, àwọn Jámánì dá nǹkan bí 800 Júù sí láti palẹ̀ ẹrù mọ́, wọ́n sì gbẹ́ kòtò náà dè wọ́n. Àwọn ṣójà Rọ́ṣíà dé ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 1945, kí ọwọ́ àwọn tí ó gbẹ́ ẹ tó bà wọ́n.

Ibùdókọ̀ ojú irin Radegast kò jìnnà síbẹ̀. Ilé onígi kékeré kan ni, tí àwọn ọkọ̀ ẹrù mẹ́ta tí wọ́n fi ń kó ènìyàn dúró tì lórí irin. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ tí ń lọ sí Chełmno, níbi tí wọ́n ti ń pa àwọn Júù, ti ń gbéra láti oṣù kìíní ọdún 1942, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kó ènìyàn tí ó lé ní 60,000 lọ sí Auschwitz, àgọ́ ìpànìyàn tí ó tóbi jù, ní oṣù kẹjọ ọdún 1944, tí ìyá àti ọmọbìnrin méjèèjì sì wà lára wọn. Rumkowski pẹ̀lú ìdílé rẹ̀ bá wọn lọ, wọ́n sì kú síbẹ̀. Màmá kò lè gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà kí inú má bí wọn. Ẹni Haifa máa ń dá wọn lóhùn pé gẹ́tò Łódź ni ó pẹ́ jù láyé ní Póláńdì, àti pé bí àwọn Rọ́ṣíà kò bá dúró létí odò Vistula nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, ère ni à bá gbẹ́ fún un. Èmi kò gbà pé ìrònú kejì yìí burú, ṣùgbọ́n n kò lè sọ ọ́ lójú Màmá.

Ọjọ́rú, Chełmno

A háyà ọkọ̀ lọ sí Chełmno, abúlé kan létí odò Ner, ó tó àádọ́rin kìlómítà sí Łódź. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀ náà. Ibí yìí ni ìjọba Hitler ti kọ́kọ́ fi gáàsì pa àwọn Júù ní àgọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí ìpànìyàn nìkan, láti ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 1941. Àwọn tí wọ́n kó wá láti Łódź máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin dé Koło, wọn a wá pààrọ̀ ọkọ̀, kí lọ́rì tó gbé wọn dé ilé ńlá kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà. Wọ́n á sọ fún wọn pé wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́ ní Jámánì, pé kí wọ́n bọ́ṣọ wẹ̀ ná. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ abẹ́ ilé tí wọ́n ń gbà lọ síbi ìwẹ̀ náà, inú lọ́rì onípátákó kan ni ó parí sí. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn rẹ̀, èéfín ẹ́ńjìnnì yóò sì máa wọlé bá wọn. Lẹ́yìn tí ariwo bá ti dákẹ́ ni lọ́rì yóò gbéra lọ sí igbó Rzuchów, kìlómítà mẹ́rin sí ibẹ̀. Àwọn tí wọ́n pa lọ́nà yìí lé ní 150,000, iye àwọn tí ó sì bọ́ nínú wọn kò tó ohun tí a ń fi ìka ọwọ́ méjèèjì kà.

Ní ìgbà tí wọ́n kó ọmọ náà wá, wọn kò sin òkú mọ́, sísun ni wọ́n ń sun wọ́n, wọn a sì lọ egungun kúnná. Nítorí náà kò sí ibojì tí a lè wá. Ìpìlẹ̀ ilé ńlá náà nìkan ni ó kù, nítorí pé àwọn Jámánì fi ohun abúgbàù wó o ní 1943. Nínú yàrá kan, wọ́n to àwọn ohun tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀: bọ́tìnì, ṣíbí, kọ́kọ́rọ́ ilé. Màmá kò fẹ́ wo ibẹ̀ pẹ́. Nínú igbó, wọ́n fi òkúta ṣe ààlà yíká àwọn kòtò tí ó gùn lọ réré, igi páìnì sì dúró ṣánṣán ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọkọ mi ka àdúrà náà lẹ́ẹ̀kejì, ó sì pe orúkọ ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dárúkọ olóògbé.

Ọjọ́bọ̀

Ojú irin ni a wà láti Łódź dé Kraków. Màmá sùn jálẹ̀ ọ̀nà.

Ọjọ́ Ẹtì, Auschwitz

Ohun tí mo ní láti kọ nípa Auschwitz kò pọ̀, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó ń ka èyí ti mọ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù kan ó lé ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn ni wọ́n pa níbẹ̀, àti pé Júù ni bíi mílíọ̀nù kan nínú wọn. Èrò pọ̀ lọ jàra. Ẹgbẹ́ kan ń ti ẹgbẹ́ kejì níwájú gíláàsì tí wọ́n kó irun àwọn obìnrin sí lẹ́yìn. Lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ Chełmno, ara mi kò gba á.

Birkenau, apá kejì, ni a wá fún. Ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí nínú àgọ́ náà, oṣù karùn-ún ọdún 1944 ni wọ́n parí rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn ìyá àti ọmọ sọ̀ kalẹ̀ sí ní oṣù kẹjọ. Dókítà ṣójà kan ń fi ọwọ́ júwe. Ìyá Àgbà sọ pé ìyá wọn lọ sí apá òsì, àwọn méjèèjì sì lọ sí ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n wọn sọ pé ọ̀tún ni ìyá gbà. Wọ́n jà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí dé orí fóònù láàrin Haifa àti Lọ́ńdọ̀nù, kò sì sí ẹni tí ó gbà fún ẹnì kejì títí wọ́n fi kú. Afinimọ̀nà wa gbọ́ ọ, ó ní ọ̀rọ̀ náà dá lé ibi tí oníkálukú kọjú sí: ẹni tí ó kọjú sí dókítà àti ẹni tí ó ti yíjú wo ìyá rẹ̀, òsì wọn kò lè jẹ́ ọ̀kan. Màmá fa ìlà kejì nínú ìwé wọn.

Ohun kan tún yé mi níbẹ̀. Ìyá Àgbà kò ní nọ́ńbà lápá, àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù sì ti fi èyí bi wọ́n léèrè bóyá òótọ́ ni wọ́n dé Auschwitz. Àwọn tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ láti dúró níbẹ̀ ni wọ́n ń fín nọ́ńbà sí lára. Ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin tí ó dé láti Łódź ní àkókò náà kàn gba ibẹ̀ kọjá ni, kí wọ́n tó kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti nílò òṣìṣẹ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí àwọn méjèèjì fi wà ní Jámánì.

Màmá tan àbẹ́là ọjọ́ ìsinmi ní hòtẹ́ẹ̀lì wa ní Kraków, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Kraków

Ọjọ́ ìsinmi ni. A kò jáde.

Ọjọ́ Àìkú, Hamburg

A fò dé Hamburg ní òwúrọ̀. Ní Dessauer Ufer, nínú èbúté, ilé ìkẹ́rùsí oníbíríkì ńlá kan ṣì dúró tí wọ́n ń pè ní Lagerhaus G, ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin náà sí, pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún lọ́nà márùn-ún obìnrin Júù láti Póláńdì. Iṣẹ́ wọn ni pípalẹ̀ àlàpà tí bọ́ǹbù ti wó mọ́. Ìyá Àgbà máa ń sọ pé inú àwọn ń dùn bí ọkọ̀ òfuurufú àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àwọn náà ni bọ́ǹbù ń bọ̀ sí.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1944, wọ́n kó wọn lọ sí àgọ́ Sasel, ní ẹ̀yìn ìlú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń to pátákó kọnkéré láti kọ́ ilé fún àwọn ará Hamburg tí bọ́ǹbù ti sọ di aláìnílé. Wọ́n ti wó èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ilé náà, ṣùgbọ́n wọ́n dá ọ̀kan sí ní Poppenbüttel, wọ́n sì sọ apá kan rẹ̀ di ibi ìrántí. A wọ ọkọ̀ ojú irin dé ibùdó tó gbẹ̀yìn, a sì rìn débẹ̀. Ilé kékeré pẹlẹbẹ ni, tí kò ju ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè lọ. Inú rẹ̀ ní yàrá, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀, ohun tí àwọn tí ó kọ́ ọ kò ní. Màmá fi ọwọ́ ra ojú ibi tí pátákó méjì ti pàdé. Wọ́n ní, “Wọ́n kọ́ ọ dáadáa.” N kò mọ̀ bóyá ìyìn ni tàbí ẹ̀dùn, mo sì gbà pé àwọn náà kò mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, Bergen-Belsen

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1945, wọ́n tún kó àwọn obìnrin Sasel sínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì gbé wọn wá síbí. A wọ ọkọ̀ ojú irin dé Celle ní tiwa, a sì fi takisí parí rẹ̀. Kò sí ilé àgọ́ kankan mọ́. Pápá ni, koríko, àti òkìtì gígùn tí wọ́n fi òkúta yí ká, tí wọ́n sì kọ iye òkú tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí lára: 1,000, 2,500, 5,000.

Àwọn ṣójà Gẹ̀ẹ́sì wọlé ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin. Wọ́n bá nǹkan bí 60,000 ènìyàn láàyè, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkú tí wọn kò tíì sin. Gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì, apá yìí ni mo ti ń ronú lé lórí jù. Àwọn tí ó kú lẹ́yìn ìtúsílẹ̀ lé ní 13,000. Àrùn táífọ́ọ̀sì tí iná-ara ń gbé kiri pa wọ́n, ṣùgbọ́n àánú náà pa lára wọn: àwọn ṣójà fún wọn ní ẹran agolo ọlọ́ràá àti wàrà, ara tí ebi ti gbẹ kò sì lè gbà á. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá láti àwọn ilé ìwòsàn Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ń fi ṣíbí bọ́ àwọn ènìyàn díẹ̀díẹ̀. Ìyá Àgbà sọ pé ẹ̀gbọ́n wọn ti ń gbóná nígbà náà, àwọn sì gba agolo ẹran lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn sin ín sínú ilẹ̀ abẹ́ ibùsùn. Ẹ̀gbọ́n náà kò dárí jì wọ́n fún ọdún díẹ̀. Lórí èyí nìkan ni apá òsì àti apá ọ̀tún ìwé náà bá ara wọn mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi iná sun àwọn ilé onígi náà nítorí àrùn, wọ́n sun èyí tó kẹ́yìn ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún, wọ́n sì kó àwọn tí ó yè lọ sí bárékè àwọn ṣójà Jámánì tí kò jìnnà síbẹ̀. Àwọn tí kò ní ilé tí wọ́n lè padà sí gbé ibẹ̀ títí di 1950. Wọ́n tẹ ìwé ìròyìn ní èdè Yídìṣì, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó, bí ẹ̀wù ìyàwó kan ṣe ń kọjá láti ara obìnrin kan sí òmíràn. Nínú ilé ìwòsàn ibẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ Glyn Hughes, dókítà àwọn ṣójà Gẹ̀ẹ́sì, pè, ni wọ́n ti bí Màmá ní 1948. Ilẹ̀ àwọn ológun ni bárékè náà títí di òní, nítorí náà ẹnu géètì ni a dúró sí. Ìwé ìrìnnà Màmá wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀ṣọ́ géètì wo ibi ìbí wọn, ó wo ojú wọn, ó sì kí wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé wọ́n káàbọ̀.

Lálẹ́, ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Celle, ọkọ mi wá orúkọ àwọn ará ilé náà nínú àkójọ orúkọ olóògbé tí Yad Vashem, ilé ìrántí àwọn Júù tí ìjọba Hitler pa, ní Jerúsálẹ́mù fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn ẹbí ti ń kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀rí fún ẹni tí wọ́n pa. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà ti kọ fọ́ọ̀mù méjì ní 1956, ọ̀kan fún baba, ọ̀kan fún ìyá. Kò sí ti ọmọkùnrin náà. Kò kọ ọ́, Ìyá Àgbà náà kò sì kọ ọ́.

Màmá pe Haifa, wọ́n sì jọ kọ ọ́ lórí fóònù. Orúkọ, orúkọ baba, orúkọ ìyá, ibi ìbí: ìwọ̀nyí kò gba àkókò. Lórí ọjọ́ ìbí, ẹni Haifa ní oṣù kejì ni ìyá òun ń dá àbẹ́là fún un, ìwé gẹ́tò sì sọ pé oṣù kẹta, nítorí náà wọ́n kọ ọdún nìkan. Ibi tí wọ́n pa á: Chełmno. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè iṣẹ́ olóògbé, ẹni Haifa ní kí a kọ “ọmọdé”. Níbi tí ó ti béèrè bí ẹni tí ó kọ fọ́ọ̀mù ṣe jẹ́ sí i, Màmá kọ ọ́ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni àwọn, wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, mo sì tẹ̀ ẹ́. Ẹni Haifa ní òun yóò kọ èyí tí ó jẹ́ ti èdè Hébérù lọ́la.